Kẹ̀kẹ́ Oníná Tó Fúyẹ́: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tí Ẹ̀rù Kẹ̀kẹ́ Ń Bà?

Tí ẹ bá sọ fún ẹnì kan ní Èkó lónìí pé ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ó ṣeé ṣe kó rò pé Márúwá lẹ fẹ́ rà, pé ẹ fẹ́ máa gbé èrò. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń sọ níbí kọ́ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí a ń fẹsẹ̀ wà, àmọ́ tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bátìrì sí lára. Kì í ṣe ọ̀kadà o. Lára èyí tí mo ń sọ yìí, tí ẹsẹ̀ yín ò bá yí i, ẹ́ńjìnnì ò ní ṣiṣẹ́.

Àwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí gan-an, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bèèrè: báwo ló ṣe ń sáré tó, àti pé kìlómítà mélòó ló lè rìn kí bátìrì tó tán. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ò bèèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé tí òun bá dúró níbi iná tíráfíìkì, ṣé ẹsẹ̀ òun máa kan ilẹ̀? Tó bá fẹ́ wó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣé òun á lè dá a dúró? Ta ló máa bá òun gbé e kọjá àtẹ̀gùn? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, sáyẹ́ǹsì sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan pàtó. Àǹtí mi kan wà ní Plumstead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ ò ju kìlómítà 5 lọ, àmọ́ bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀, tí iṣẹ́ àárọ̀ bá sì kàn án, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún, dókítà sì ní kó má jókòó sójú kan, kó máa lo ara. Èmi ni mo dábàá kẹ̀kẹ́ oníná fún un.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

“Àǹtí, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ mi ná.”

“Mo ti gbọ́. Ìgbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn, inú gọ́tà ni wọ́n ti fà mí yọ.”

Kẹ̀kẹ́ háyà ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tó wà lọ́mọdé, irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń san owó ìṣẹ́jú díẹ̀ láti gùn. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n gbé fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti jáwọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀ yẹn sọ́kàn, torí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ sọ lọ.

Kí ló tiẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ ró? Ọ̀pọ̀ wa gbọ́ nílé ìwé pé yíyí tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí ni, bí òkòtó tí kì í ṣubú tó bá ń yí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Netherlands àti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti yọ agbára òkòtó yẹn kúrò lára rẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ tí wọ́n bá tì í, ó ń dá dúró fúnra rẹ̀ láìsí èèyàn lórí rẹ̀. Ohun tó ṣe kókó ni pé tí kẹ̀kẹ́ bá ń wó sí apá kan, iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí sí apá yẹn kan náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tètè padà sábẹ́ ẹrù tó fẹ́ ṣubú. Ẹni tó bá ti gbé igi gígùn nàró sórí àtẹ́lẹwọ́ rí mọ ohun tí mo ń sọ: ibi tí igi bá ń wó sí ni ọwọ́ ń sáré lọ.

Ibi tó ti kan ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ọ̀rọ̀ eré. Tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ geere, kéèyàn yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ báyìí ti tó láti mú un dúró. Tó bá ń rá pálá, àfi kéèyàn máa yí i wá yí i lọ gan-an, sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ń jà. Èyí ló fà á tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ fi le ju ìrìn àjò tó kù lọ. Ẹni tí ò dá ara rẹ̀ lójú á rọra gbéra torí kò fẹ́ ṣubú, rírọra gbéra yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó mì.

Ẹ wá fi òkè kún un. Plumstead kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀ rárá. Láti etí odò Thames, ilẹ̀ ń gòkè lọ sí Shooters Hill, tí orí rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 130 ga ju ojú òkun lọ. Ká sọ pé àǹtí mi pẹ̀lú báàgì rẹ̀ jẹ́ kílò 80, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílò 16, ìyẹn kílò 96 lápapọ̀. Ká sì mú òkè kan tó jẹ́ pé téèyàn bá rin mítà 100, á ti gòkè ní mítà 6. Ẹsẹ̀ èèyàn tí kì í ṣe eléré ìdárayá lè máa fi ìrọ̀rùn mú nǹkan bíi wáàtì 75 sí 100 jáde. Tó bá jẹ́ wáàtì 80 ni ẹsẹ̀ àǹtí mi ní, ìṣirò sọ pé kò ní lè ju kìlómítà 5 ní wákàtí kan lọ lórí òkè yẹn. Ìrìn ẹsẹ̀ nìyẹn! Eré tí kẹ̀kẹ́ ti máa ń mì jù nìyẹn náà. Tó bá fẹ́ gun òkè kan náà ní kìlómítà 12 ní wákàtí kan, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń dúró dáadáa, ó máa nílò nǹkan bíi wáàtì 190, ká má tíì ka ti afẹ́fẹ́ àti ti táyà mọ́ ọn. Ó ṣẹ́ ku wáàtì 110. Bátìrì ló máa san án.

Mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì wà fún ọ̀lẹ, tàbí fún ẹni tó fẹ́ sáré. Fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti yọ ọ́ kúrò nínú eré tí kẹ̀kẹ́ ti ń mì, kíákíá, kó má sì padà síbẹ̀ lórí òkè.

Ìwúwo wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná tó wà lọ́jà wúwo tó kílò 20 sí 25. Èyí tí wọ́n ń pè ní fúyẹ́ máa ń wà láàárín kílò 12 sí 17. Ẹ lè rò pé ìyàtọ̀ yẹn máa hàn jù lórí òkè. Ẹ tún ìṣirò wa ṣe: tí kẹ̀kẹ́ àǹtí mi bá jẹ́ kílò 25 dípò 16, wáàtì 190 yẹn á di nǹkan bíi 205. Kò tó nǹkan. Ẹ́ńjìnnì máa gbé e láìmọ̀ rárá. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ, tí iná sì wà nínú bátìrì, kílò 9 yẹn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń gbé e kọjá àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ẹ ń yí i padà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Ẹ dúró níbi iná tíráfíìkì, ó tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan dá a padà. Kílò 25 tó ti ń wó kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀. Tí bátìrì bá wá tán lọ́nà, ẹsẹ̀ yín nìkan ló máa wa gbogbo ẹrù yẹn délé. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè kí ẹ tó gùn ún. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ láìlọ, kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ó sì sọ òtítọ́ ju ìwé ìpolówó lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a lọ, ẹni tó ń tajà gbé kẹ̀kẹ́ ńlá kan jáde, ó ní ó lè rin kìlómítà 120 kó tó nílò iná. Àǹtí mi wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ṣé Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ gùn ún dé ni?” Kò lè gbé iwájú rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i. Bátìrì ńlá ń fi kún ìwúwo yẹn, kò sì yẹ kéèyàn máa gbé iná tí kò ní lò kiri. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì ní Wh, ìyẹn wáàtì lọ́nà wákàtí. Ẹ lè ṣe é fúnra yín: ẹ fi fóótì sọ Ah di púpọ̀. Bátìrì fóótì 36 tó ní 7 Ah, 252 Wh ló jẹ́. Tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ wà á bó ṣe yẹ, kìlómítà kan máa ń jẹ nǹkan bíi 7 sí 10 Wh, òkè àti atẹ́gùn líle á sì fi kún un. Kìlómítà 10 ni lílọ àti bíbọ̀ àǹtí mi lójúmọ́. Bátìrì kékeré tó jẹ́ 250 Wh máa gbé e fún ọjọ́ méjì kó tó fi sí iná. Ẹ mọ bí 250 Wh ṣe kéré tó? Kẹ́tùlù iná wáàtì 3,000 tí wọ́n ń lò ní ilé àwọn òyìnbó á jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi tíì fún àlejò díẹ̀, ẹ ti lọ ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ẹ ti bọ̀.

Kì í ṣe òní ni èrò yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1895, Ogden Bolton ti ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ ìjọba fún kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì iná nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èrò náà dára, bátìrì ló kọ̀ ọ́. Ó tó ọdún 1993 kí Yamaha ní Japan tó gbé èyí tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ èèyàn jáde fún títà, bátìrì lithium tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní 1991 ló sì wá sọ ọ́ di nǹkan tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tó fi ìpìlẹ̀ bátìrì yìí lélẹ̀, Goodenough, Whittingham àti Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Wíwọn agbára ẹsẹ̀ tí mo dárúkọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan kàn ń wò ó bóyá pẹ́dà ń yí tàbí kò yí. Tó bá ti yí díẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Tó bá dúró, ó pa á. Kò mọ̀ bóyá ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ni tàbí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ lówó, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ pọ́ọ́kú. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, tó bá wá jí, ó lè fò síwájú lójijì bí ewúrẹ́ tí wọ́n já okùn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń yí kọ́nà, tí kẹ̀kẹ́ ṣàdédé fò. Ó tán nìyẹn, kò ní gùn ún mọ́ láéláé.

Oríṣi kejì ń wọn bí ẹ ṣe ń fipá tẹ pẹ́dà tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, ó ṣe gan-an. Ẹ dáwọ́ dúró, òun náà dáwọ́ dúró. Ìmọ̀lára rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ yín ló lágbára lónìí. Lójú tèmi, tí owó bá máa gbé e, ẹni tó ń bẹ̀rù ò gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò ní sẹ́ńsọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní orúnkún tó ń dunni fẹ́ràn oríṣi àkọ́kọ́ torí kò béèrè agbára. Òótọ́ ni tí orúnkún bá le gan-an. Ti àǹtí mi ò tó bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kẹ̀kẹ́ tó máa gbọ́ràn. Nǹkan kan péré lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́: tí ẹ bá dúró, ẹ di bíréèkì mú, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà gírígírí, torí ó lè rò pé ẹ ti fẹ́ máa lọ.

Ibi tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí náà ní ìtumọ̀. Ó lè wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sì lè wà láàárín, nídìí pẹ́dà. Èyí tó wà nínú ẹsẹ̀ kì í pariwo, kò ní wàhálà, ó sì sábà máa ń rọ̀ lówó. Àmọ́ kò lè lo jíà kẹ̀kẹ́, torí náà tí òkè bá ga tí eré sì lọ sílẹ̀, ó ń gbóná, agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Èyí tó wà láàárín ń ti ṣéènì, tí ẹ bá ti yí jíà sí kékeré, òun náà jàǹfààní rẹ̀. Ní ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ti inú ẹsẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ Shooters Hill lẹ ń gbé, ẹ wá ti àárín.

Ó tó ẹ́ńjìnnì o jàre. Ohun tó máa pinnu bóyá èèyàn á máa gùn ún ní ìdúróṣinṣin rẹ̀ wà lára férémù. Ẹ wá èyí tí ọ̀pá àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ kọjá láìgbé e sókè bí ẹni ń fo ọgbà. Wọ́n máa ń pè é ní kẹ̀kẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Bàbá tí ìbàdí ń dùn náà nílò rẹ̀, ẹni tó wọ ìró tàbí agbádá náà sì ń jàǹfààní. Lẹ́yìn náà, àga. Àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn máa sọ fún yín pé àga gbọ́dọ̀ ga kí ẹsẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Òótọ́ ni, ó sì dára fún orúnkún. Àmọ́ fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ gbé e wálẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á fi tẹ́ sílẹ̀ pátá. Tí ọkàn bá ti balẹ̀, ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ìka kan lọ́sẹ̀ kan.

Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 50 máa ń gba kòtò àti etí títì mọ́ra ju tín-ín-rín lọ. Bíréèkì olómi, tí ìka méjì lè fà láìlo agbára, dára ju ti wáyà lọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò le. Kẹ̀kẹ́ tó ní ẹsẹ̀ kékeré, èyí tó ń ká pọ̀, rọrùn láti gùn lé, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá jù, kòtò sì ń dùn ún. Ó ní àǹfààní kan ṣá tí ará London ò lè fojú fò: láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, TfL ò gba kẹ̀kẹ́ oníná tí kì í ká pọ̀ láyè mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀, Tube, Overground, Elizabeth line àti DLR. Èyí tó ń ká pọ̀ ṣì lè wọlé. Tí ìrìn àjò yín bá pín sí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, irú bíi Brompton lẹ máa wò.

Iná tó jó ló fa òfin yẹn, ó sì yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ kedere, torí ẹ̀rù gidi ni, kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Tí bátìrì lithium bá bàjẹ́ nínú, bóyá ó jábọ́, bóyá ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ rọ iná jù sí i, ibì kan nínú rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà. Oóru yẹn ń tú gáàsì jáde, gáàsì ń gbiná, iná náà ń mú sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbóná, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Kì í fúnni láyè láti ronú. Àwọn panápaná London ti kìlọ̀ léraléra, pàápàá nípa ẹ́ńjìnnì àti bátìrì tí èèyàn rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi sára kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ní New York, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òfin ti de títa èyí tí kò ní ìwé ẹ̀rí ààbò. Torí náà: kẹ̀kẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí EN 15194 ní Britain àti Yúróòpù, UL 2849 ní Amẹ́ríkà. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má fi sí iná tí ẹ bá ń sùn, ẹ má sì fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa gbà sá jáde. Àjà kẹta ni àǹtí mi ń gbé, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn. Èmi ò lè dábàá bátìrì pọ́ọ́kú fún un, kódà kí wọ́n ta á ní ìdá mẹ́rin owó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ díjú nìyí. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ jù, inú férémù ni wọ́n sé bátìrì mọ́, kò ṣeé yọ. Ìdí tí wọ́n fi fúyẹ́ tí wọ́n sì rẹwà nìyẹn. Ilé àǹtí mi ní yàrá kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, àtẹ̀gùn mẹ́fà sísàlẹ̀, àmọ́ kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Tó bá ra kẹ̀kẹ́ kílò 14 tí bátìrì rẹ̀ ò ṣeé yọ, á máa gbé gbogbo rẹ̀ gun àjà kẹta. Tó bá ra ti kílò 17 tó ṣeé yọ, á yọ bátìrì kílò 2 àti ààbọ̀, á fi í sínú báàgì, á sì gbé kẹ̀kẹ́ kílò 14 àti ààbọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́fà péré. Èyí tó wúwo jù lórí ìwé ló fúyẹ́ jù nílé tirẹ̀. Ìyẹn ló rà: ọ̀pá àárín tó lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì àárín, bátìrì tó ṣeé yọ.

Owó rẹ̀ ò kéré. Èyí tó fúyẹ́ tó sì dára máa ń wà láàárín £1,500 sí £3,000. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló rà á nípasẹ̀ ètò Cycle to Work, wọ́n wá ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí owó orí tó kàn án, tó fi jẹ́ pé iye tó san lápapọ̀ dín kù dáadáa. Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín kí ẹ tó fa owó ara yín yọ.

Òfin Britain ò le. Agbára ẹ́ńjìnnì ò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró tí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ẹni tó ń gùn ún sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Nínú ààlà yẹn, kò sí láísẹ́ǹsì, kò sí inṣọ́ránsì. Tó bá kọjá rẹ̀, ọ̀kadà ni lójú òfin. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pín in sí kíláàsì mẹ́ta. Kíláàsì 1, tó ń ṣiṣẹ́ kìkì tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ wà á tó sì ń dáwọ́ dúró ní máìlì 20, ló yẹ ẹni tí mo ń sọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní London ń kọ́ àgbàlagbà ní kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹtí mi rò pé òun nìkan ni òun máa jẹ́ àgbàlagbà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni. Ẹ má sì fi kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n ń háyà lójú pópó dán ara yín wò. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè fara da ìyà, ọ̀pọ̀ wọn wúwo ju kílò 30 lọ. Ẹni tó bá fi ìyẹn kọ́kọ́ gbìyànjú á rò pé bí gbogbo kẹ̀kẹ́ oníná ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, níbi tí òkè ò ti jẹ́ tuntun sí ẹnikẹ́ni? Ìmọ̀ kan náà ni, àmọ́ àṣàyàn mi á yí díẹ̀. Táyà fífẹ̀ di dandan. Mo máa gba ẹ́ńjìnnì inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láyè dípò ti àárín, bí òkè tilẹ̀ wà, torí tó bá bàjẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná lè tú u wò, kò sì ní nílò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó tó lè jí. Ọ̀rọ̀ NEPA ò sì tó èyí tó yẹ kó dáni dúró. Páńẹ́ẹ̀lì oòrùn wáàtì 100 kan, tó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, á mú nǹkan bíi 400 Wh wọlé. Kódà tí díẹ̀ bá ṣòfò lọ́nà, ó ju ohun tí bátìrì 250 Wh nílò lọ.

Ohun kan wà tí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń gbèrò: kí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ ní London, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì fi bátìrì rẹ̀ sínú báàgì bọ̀ wálé nínú bàálù. Kò ṣeé ṣe. Òfin ọkọ̀ òfuurufú ò gba èrò láyè láti gbé bátìrì lithium tó ju 160 Wh lọ, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù, èyí tó kéré jù lára kẹ̀kẹ́ oníná sì sábà máa ń kọjá ìyẹn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Ọ̀nà ẹrù ló gbọ́dọ̀ gbà wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín kó ẹrù mọ̀ pé bátìrì wà nínú rẹ̀ kó tó di pé ó sé páálí.